Fìlà wúùlù kí ọyẹ́ tó dé: bí ẹ ṣe lè hun ún pẹ̀lú àwọn ọmọ lábẹ́ igi

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ṣe tí àwọn ọmọ yín fi jókòó jẹ́ẹ́ hun fìlà yẹn?" Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́ ní Àkúrẹ́, ni ìbéèrè yìí máa ń bẹ̀rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, nínú kẹ̀kẹ́ márúwá. Mo ti dá àwọn kan lóhùn lórí ìdúró, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kì í yé ènìyàn lórí ìdúró. Mo wá kọ gbogbo rẹ̀ síbí, láti orí wúùlù rírà títí dé fìlà fífọ̀.

Ìdáhùn kúkúrú ni pé wọn kì í jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé. Nínú ilé, tẹlifíṣọ̀n ń pè wọ́n, fóònù ń pè wọ́n, ooru ń mú wọn. Ìta ni mo máa ń kó wọn lọ, sábẹ́ igi, lórí ẹní, ní ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ọmọ tó bá ti rí ibi tó tutù jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀ mọ́ iṣẹ́. Nítorí náà, n ó sọ̀rọ̀ ibi ìjókòó bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Fìlà náà rọrùn. Aṣọ pẹlẹbẹ kan tó gùn ni ẹ ó hun, ẹ ó rán ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ pọ̀, ẹ ó wá fa etí òkè jọ bí ẹnu àpò. Kò sí dídín ojú kù (ojú ni mò ń pe ìkọ́ òwú kọ̀ọ̀kan tó ń wà lórí abẹ́rẹ́), kò sí abẹ́rẹ́ mẹ́rin. Ọmọ ọdún 7 lè ṣe é.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀

Ìparí oṣù kẹwàá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀: ojú tó wà nínú fìlà ọmọdé kan lé ní 8,000. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè hun ojú bíi 8 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ń jókòó fún ìṣẹ́jú 40, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, á gbà yín tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ètè ọmọ ti ń là kó tó wá wúùlù lọ sọ́jà, fìlà rẹ̀ á parí nígbà tí ooru oṣù kejì ti ń mú.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní England. Lọ́hùn-ún, oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá ni ìgbà ìwọ́wé. Ewé á pọ́n, á sì máa wọ́ dànù. Wọ́n á dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá, tó bá sì fi máa di àárín oṣù kọkànlá, ilẹ̀ ti ń ṣú láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Inú ilé ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń hun tiwọn. Àwa kò ní ìgbà ìwọ́wé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo igi fúrúùtù àdúgbò yín nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé: ewé kan á pọ́n bí epo, òmíràn á pupa rúsúrúsú, kó tó já bọ́. Ilẹ̀ tiwa kì í sì í ṣú ní aago mẹ́rin. Àkókò tí òjò ti lọ, tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí eruku ọyẹ́ kò tíì dé, kò sí èyí tó dùn jókòó síta bí i rẹ̀ lọ́dún, kò sì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ẹ má jẹ́ kó kọjá yín.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Fún fìlà kan:

- Wúùlù oníwọ̀n gíráàmù 50, méjì, àwọ̀ kan náà. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ DK sí lára, ìyẹn òwú tí kò nípọn jù, tí kò sì tín-ín-rín jù.
- Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ méjì, mìlímítà 4. Abẹ́rẹ́ nítìn ni ẹ ó béèrè lọ́jà.
- Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ńlá kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò mú.
- Sísọ́ọ̀sì, téèpù télọ̀, píìnì méjì.
- Àpò aláṣọ kékeré fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá nylon kò dára, abẹ́rẹ́ máa ń lu ú.

Ẹ ra wúùlù méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Lára bébà tó yí wúùlù ká, nọ́ńbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Lot, òun ló ń fi àwọn tí wọ́n jọ pa láró pọ̀ hàn. Kó bára mu. Mo ra ẹyọ kan ṣoṣo nígbà tí mo kọ́kọ́ hun fìlà aláwọ̀ kòkó fún ọkọ mi. Nígbà tí mo padà sọ́jà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ìyá tó tà á fún mi fi tọkàntọkàn wá èyí tó jọ ọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi. Nígbà tí oòrùn ràn sí i nílé, ìdajì fìlà dúdú ju ìdajì kejì lọ, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i mọ́.

Bí ẹ kò bá rí abẹ́rẹ́ rà, ẹ lo igi tí àwọn onísúyà fi ń gún ẹran, èyí tí wọn kò tíì lò. Ẹ mú èyí tó nípọn tó ìdajì bírò. Ẹ fi sáńpépà fá a láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí kò fi ní ha ọwọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ rí róbótó, kí ẹ sì wé rọ́bà mọ́ ìdí rẹ̀ kí ojú má baà yọ́ bọ́ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi igi ìgbálẹ̀ kọ́ híhun ní ilé ìwé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n igi ìgbálẹ̀ tín-ín-rín jù fún wúùlù yìí, ó sì máa ń ṣẹ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yan àwọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí a máa ń ṣe nílé wa ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan á ṣa ewé fúrúùtù kan tó wù ú nílẹ̀, á mú un lọ sí Ọjà Ọba, á sì gbé e lé orí wúùlù kan lẹ́yìn òmíràn títí yóò fi rí èyí tó bá a mu. Ọmọ tó bá fúnra rẹ̀ yan àwọ̀ kì í tètè pa iṣẹ́ tì.

Ṣé wúùlù gidi ni?

Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní wúùlù kì í ṣe irun àgùntàn. Akíríláìkì ni, ẹbí ọ̀rá àti rọ́bà. Kò burú: kò wọ́n, ó rọrùn fọ̀, kì í sì í yún ọ̀pọ̀ ọmọ lára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, nítorí iná.

Kí àgbàlagbà gé òwú bíi ìka kan, kó fi irin mú un, kó ṣáná sí i lórí àwo omi. Bí ó bá rùn bí irun tó jó, tí eérú rẹ̀ sì fọ́ lẹ́bú, irun àgùntàn ni. Bí ó bá yọ́, tó sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle, akíríláìkì ni. Èyí tó bá yọ́, ẹ má ṣe fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ láéláé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tó dé e tẹ̀ ba lé ààrò.

Wúùlù tí wọ́n fi ń di irun ńkọ́? Ẹ lè fi kọ́ṣẹ́. Ó tín-ín-rín, ó sì ń yọ̀, nítorí náà ojú rẹ̀ kì í gún. Ẹ tọ́jú wúùlù tó dára de fìlà gan-an.

Ibi tí ẹ ó jókòó sí

Aago mẹ́rin àbọ̀ ni a máa ń jáde, a ó sì ti wọlé kí aago mẹ́fà àbọ̀ tó lù, nítorí oòrùn á ti wọ̀ nígbà náà, ẹ̀fọn á sì ti dé. Kò dìgbà tí ẹ bá ní ọgbà. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé tó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ìta tó.

Kí ẹ tó tẹ́ ẹní:

1. Ẹ gbá abẹ́ igi náà mọ́. Ewé gbígbẹ lè fi ejò àti àkekèé pamọ́. Àgbàlagbà ni kó gbá a, kó wọ bàtà.
2. Ẹ wo ilẹ̀ bóyá ìjàlọ wà níbẹ̀.
3. Ẹ fi aṣọ mìíràn lé orí ẹní, nítorí eèrún ẹní máa ń kọ́ wúùlù.
4. Ẹ mú omi ìfọwọ́ àti ọṣẹ jáde.

Ọmọ tó jẹ èpà sísun tàbí iṣu sísun alépo tó wá di wúùlù mú, epo náà kì í lọ mọ́. Nílé wa, ebè mẹ́rin la ó kọ́kọ́ hun, a ó wá jẹun, kò sì sí ẹni tó ń padà sídìí abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà mọ́ bí kò bá fọwọ́. (Ẹ ó rí ohun tí mo ń pè ní ebè láìpẹ́.)

Bí ọyẹ́ bá ti dé tán tí eruku bò ojú ọ̀run, ẹ fi ìta sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, pàápàá bí ọmọ yín bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ikọ́ fée. Ọjọ́ mìíràn ń bọ̀.

Ìwọ̀n

Ẹ fi téèpù yí orí ọmọ ká, kó gba iwájú orí kọjá lókè etí. Ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 5 kúrò nínú iye tí ẹ bá rí. Ohun tó kù ni gígùn tí ẹ ó hun, nítorí irú híhun yìí máa ń nà. Orí 52, ẹ hun 47.

Iye ojú tí ẹ ó kó sórí abẹ́rẹ́ ni yóò pinnu bí fìlà á ṣe ga tó:

- Ọmọ oṣù 6 sí ọdún 1: ojú 36
- Ọmọ ọdún 5 sí 10: ojú 44
- Àgbàlagbà: ojú 50

Ojú 22 ló máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 10 pẹ̀lú wúùlù àti abẹ́rẹ́ tí mo dárúkọ. Bí ojú 22 tiyín bá tó 12, ọwọ́ yín dẹ̀. Ẹ dín ojú mẹ́fà sí mẹ́jọ kù.

Kíkó ojú sórí abẹ́rẹ́

Ẹ̀yin òbí ni kẹ́ ẹ ṣe èyí fún ọmọ nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì hun ìlà méjì àkọ́kọ́ fún un. Ìlà àkọ́kọ́ ló le jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lè rò pé gbogbo rẹ̀ ló le bẹ́ẹ̀.

1. Ẹ fi ìrù òwú tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan sílẹ̀. Ẹ ta ojóbó kan, ìyẹn kókó tó ní ojú tó ṣeé fà mọ́, ẹ ki í bọ abẹ́rẹ́ ọwọ́ òsì, ẹ fà á kó mọ́ ọn díẹ̀. Ojú kan nìyẹn.
2. Ẹ ti ẹnu abẹ́rẹ́ ọwọ́ ọ̀tún bọ inú ojú náà láti iwájú, kó yọ sẹ́yìn.
3. Ẹ gbé òwú tó ń bọ̀ láti ara ìdì wé ẹnu abẹ́rẹ́ ọ̀tún.
4. Ẹ fa òwú náà gba inú ojú yẹn wá síwájú. Ojú tuntun ti wà lórí abẹ́rẹ́ ọ̀tún.
5. Ẹ má bọ́ ti àtijọ́. Ẹ mú ojú tuntun, ẹ fi kọ́ abẹ́rẹ́ òsì. Ó ti di méjì.
6. Ẹ máa bá a lọ títí yóò fi pé 44.

Ẹ ṣe é kó dẹ̀. Bí ojú kò bá lè rìn lórí abẹ́rẹ́ bí ẹ bá fi ìka tì í, ó ti le jù; ẹ tú u, ẹ tún un ṣe báyìí kó má baà fìyà jẹ ọmọ.

Híhun: ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré

Mo kọ́ àwọn ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí wọ́n á máa pè jáde lẹ́nu:

1. Wọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ ọ̀tún wọ inú ojú àkọ́kọ́ láti iwájú.
2. Wé e. Òwú yí ẹnu abẹ́rẹ́ ọ̀tún ká.
3. Fà á. Òwú gba inú ojú jáde síwájú.
4. Bọ́ ọ. Ojú àtijọ́ bọ́ kúrò lórí abẹ́rẹ́ òsì.

Wọ̀ ọ́, wé e, fà á, bọ́ ọ. Bí gbogbo ojú bá ti kó sórí abẹ́rẹ́ ọ̀tún, ẹ pààrọ̀ ọwọ́: èyí tó kún lọ sí òsì, èyí tó ṣófo wá sí ọ̀tún. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni gbogbo ìlà, títí dé òpin.

Lẹ́yìn ìlà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ẹ wo ojú aṣọ náà. Ó ti lébè. Ohun tó gbé sókè ni ebè, ohun tó jìn láàárín ni poro, gẹ́gẹ́ bí oko. Ìlà méjì ló ń di ebè kan, nítorí náà ebè ni ẹ ó máa kà, ẹ má ka ìlà. Ebè bíi 20 ló wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Fìlà 47 á ní ebè bíi 94. Ọmọ tó mọ̀ pé òun ti kọ ebè 30 máa ń fẹ́ kó di 40 kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ má ṣe dáwọ́ dúró láàárín ìlà. Ẹ hun ún dé etí kẹ́ ẹ tó kó o sínú àpò. Ẹni tó bá dúró láàárín, bó bá padà dé, ó lè kọjú abẹ́rẹ́ síbi tí kò yẹ, ihò á sì wà níbẹ̀.

Àwọn àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe

*Ojú ń pọ̀ sí i.* Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, òwú máa ń gba orí abẹ́rẹ́ kọjá sẹ́yìn. Ó á fa ojú etí sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á jọ ojú méjì, ọmọ á sì hun ún ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kẹ́ ẹ tó hun ojú àkọ́kọ́, ẹ fa òwú sísàlẹ̀, kó gba abẹ́ abẹ́rẹ́ lọ sẹ́yìn. Ẹ ka ojú lẹ́yìn ebè márùn-ún-márùn-ún. 44 ni, 44 ló gbọ́dọ̀ máa jẹ́.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 7 nígbà náà, mú iṣẹ́ rẹ̀ wá fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ojú 61. Aṣọ náà ti fẹ̀ lápá kan bí etí gèlè, inú rẹ̀ sì ń dùn nítorí ó rò pé bó ṣe ń fẹ̀ ni fìlà ṣe ń tóbi. Lálẹ́, nígbà tó ti sùn, mo mú un jáde kí n tú u kí n sì tún un ṣe fún un. Ewé fúrúùtù pélébé kan tó ti gbẹ wà láàárín àpò rẹ̀, èyí tó fi yan àwọ̀, ó fi píìnì dè é mọ́ inú kó má baà sọnù. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà sáyè rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lábẹ́ igi, mo ní ká jọ kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Omi lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló fa abẹ́rẹ́ yọ, ebè mẹ́sàn-án ló tú, mo sì bá a kó ojú padà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń rán an létí kó ka ojú. Nítorí náà, ẹ má tú iṣẹ́ ọmọ nígbà tó bá sùn.

*Ojú bọ́.* Ẹ tètè fi píìnì há a mọ́ kó má baà máa sá lọ sísàlẹ̀. Bí ó bá ti sọ̀ jìn, ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni kó tú aṣọ náà padà dé ibẹ̀.

*Òwú là sí méjì.* Ẹnu abẹ́rẹ́ gún àárín òwú. Ẹ dá ojú yẹn nìkan padà, ẹ tún un wọ̀.

*Ọwọ́ le.* Ọmọ tí ń bẹ̀rù máa ń fún òwú pa. Ẹ ní kó gbé e kalẹ̀, kó lọ sáré yí igi ká lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó padà. Mi ò rí ohun tó ń tú èjìká ọmọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Títì í pa àti rírán an

Ẹ má gbára lé ebè nìkan. Ẹ fi aṣọ náà yí orí ọmọ. Bí etí rẹ̀ méjèèjì bá kan ara wọn bí ẹ bá nà án díẹ̀, ó tó.

1. Ẹ hun ojú méjì. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ òsì gbé ojú kìíní fo orí èkejì, kó bọ́. Ó ku ọ̀kan.
2. Ẹ hun ọ̀kan sí i, ẹ tún gbé ti ẹ̀yìn fò ó. Bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ku ojú kan ṣoṣo. Ẹ ṣe é kó dẹ̀ gidigidi.
3. Ẹ gé òwú, ẹ fi tó ìgbọ̀nwọ́ méjì sílẹ̀, ẹ fà á gba inú ojú tó kù.
4. Ẹ ki òwú gígùn yìí bọ abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Etí tí òwú náà wà ni yóò di òkè fìlà. Ẹ máa gún un wọlé, jáde, ní ẹ̀gbẹ́ ebè kọ̀ọ̀kan, dé òpin etí náà.
5. Ẹ fà á jọ títí ihò òkè yóò fi pa dé. Ẹ gún un kọjá ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ so ó.
6. Ẹ fi ìrù ìbẹ̀rẹ̀ rán ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin aṣọ pọ̀ láti inú.
7. Ẹ gún gbogbo ìrù òwú mọ́ inú aṣọ, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 5, kẹ́ ẹ tó gé e.

Fún ọmọbìnrin, àti ẹnikẹ́ni tí kò fá irun rẹ̀, ẹ rán aṣọ sátìn sí inú fìlà náà. Wúùlù àti akíríláìkì máa ń ha irun, wọ́n á sì máa já a ní etí, pàápàá nínú ọyẹ́ tí irun ti gbẹ.

Bí ọwọ́ ọmọ bá kéré, tàbí bí kò bá fẹ́

Ọmọ ọdún 4 tàbí 5 lè fi ìka ara rẹ̀ hun okùn, láìlo abẹ́rẹ́. Okùn náà ni ẹ ó fi ṣe bọ́ọ̀lù òkè fìlà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà á sì lè sọ pé òun wà níbẹ̀. Ẹni tí abẹ́rẹ́ méjì bá ń dà láàmú, kó gbìyànjú kúróṣé, ìkọ́ kan ṣoṣo ni.

Bí ọmọkùnrin yín bá ní iṣẹ́ obìnrin ni, ẹ sọ fún un pé ọkùnrin ló ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, obìnrin sì ni ní Ọ̀wọ̀ wa níbí. Iṣẹ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni.

Bí ẹ bá ń gbé e kúrò nílé

Oṣù kọkànlá ni kòkó pọ̀ lóko. Bí a bá lọ sí oko lọ́nà Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ mi ló máa ń ṣọ́ kòkó tí wọ́n sá, kí ewúrẹ́ má tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì máa hun nǹkan wọn. Ẹ jẹ́ kí àpò wúùlù jìnnà sí kòkó tútù, àbàwọ́n rẹ̀ kì í lọ.

Òkè Ìdànrè náà dára lásìkò yìí. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ lọ ní kùtùkùtù, ẹ gbé omi dání. Ibi ìsinmi nìkan ni kẹ́ ẹ ti yọ abẹ́rẹ́ jáde. Lórí àtẹ̀gùn, lórí ọ̀kadà, nínú mọ́tò, inú àpò ni abẹ́rẹ́ ń gbé, tòun ti rọ́bà lẹ́nu.

Ìkìlọ̀ fún fìlà ọmọ ọwọ́

- Ẹ má so okùn mọ́ ọn láti dè sábẹ́ àgbọ̀n. Okùn lè fún ọmọ lọ́rùn.
- Ẹ bọ́ fìlà kúrò lórí ọmọ tó ń sùn nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ooru ara ọmọ ọwọ́ máa ń gba orí jáde.
- Ẹ wo inú fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ wúùlù dáadáa: òwú tó já lè yí ìka ọmọ ká, kó sì dá ẹ̀jẹ̀ dúró níbẹ̀.
- Ẹ má kó kánfọ̀ funfun tó rí róbótó sáàárín aṣọ ọmọ. Náftálíìnì ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì léwu gidigidi fún ọmọ tí èròjà G6PD inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ojú àti ara ọmọ á pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, ó sì lè kan ọpọlọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa, ẹ sì lè má mọ̀ títí aburú á fi ṣẹlẹ̀. Kòkòrò kì í tilẹ̀ jẹ akíríláìkì, nítorí náà ẹ kò nílò rẹ̀ rárá.

Fífọ̀ rẹ̀

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má lọ́ ọ. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ẹ tẹ omi jáde, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ síbi òjìji. Fìlà tí ẹ bá fi kọ́ sórí wáyà á nà gùn, kì í sì í padà.

Bí ó bá kéré lọ́dún tó ń bọ̀

Ẹ má jù ú nù, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ fa òwú òkè yọ, ẹ tú ojú ìrán ẹ̀gbẹ́, ẹ tú ìlà tí ẹ fi tì í pa, ẹ kó ojú 44 padà sórí abẹ́rẹ́, ẹ sì fi ebè mẹ́rin tàbí mẹ́fà kún un. Nítorí èyí, bí fìlà bá ti parí, ẹ di wúùlù tó kù, ẹ kọ orúkọ ọmọ náà àti iye ojú rẹ̀ sórí bébà kékeré kan, ẹ fi píìnì há a mọ́ ọn, ẹ kó o sínú àpò rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjèèjì.